Ẹ Jẹ́ Kí Bàbá Rákòrò

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìbò ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ti owó ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ àwọn òbí wa ni, àwọn tí ẹ̀gbà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sítírókù, kọ lù tí apá kan ara wọn sì rọ. Èrò tèmi ni pé orí ẹní nílẹ̀ ni ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti máa wá agbára rẹ̀ padà, kí ó máa yí, kí ó máa rá, kí ó máa kúnlẹ̀. Àwa ni a kì í gbà á láyè, nítorí pé ojú ń tì wá.

Ẹ wo bí ó ti máa ń rí. Bàbá ti ilé ìwòsàn dé, ọwọ́ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀. A gbé e jókòó sórí àga onítìmùtìmù ní pálọ̀. Ìyàwó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, ọmọ ń wọ bàtà fún un, ọmọ-ọmọ ń gbé omi wá kí ó tó béèrè. Bí ó bá ní òun fẹ́ dìde, ènìyàn mẹ́ta a pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Bàbá, ẹ má ṣe wàhálà o!" Ìbọ̀wọ̀ fún àgbà ni a ń pè é. Kí oṣù mélòó kan tó pé, ọwọ́ a ti ká kò, eékún a ti gan. A ó wá ní ayé ni.

Ẹ̀gbà kì í ṣe àìsàn ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀. Inú ọpọlọ ni ó ti ń wá: yálà iṣan ẹ̀jẹ̀ kan dí níbẹ̀, tàbí ó bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó sì sábà máa ń fà á. Ibi tó bá kú nínú ọpọlọ kò ní jí mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ibi mìíràn lè kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, bí a bá ń fún wọn ní iṣẹ́ náà ṣe léraléra, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Bí ọ̀nà oko ló rí, ẹsẹ̀ ni ó ń là á. Ẹni tó jókòó sórí àga láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò la ọ̀nà kankan.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ẹ̀gbà kọ lu Pedro Bach-y-Rita, akéwì àti olùkọ́ ní City College ní New York. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìdajì ara rẹ̀ rọ, kò sì lè sọ̀rọ̀. Àwọn dókítà ní kò sí ìrètí. Ọmọ rẹ̀, George, tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Mexico nígbà náà, kò mọ nǹkan kan nípa ìtọ́jú ẹ̀gbà. Ó mú bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó rò ó pé bí ọmọdé ti ń rá kí ó tó rìn ni bàbá òun náà yóò ṣe, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ni bàbá fi rákòrò, tí ó fi èjìká tó rọ ti ara ògiri kí ó má baà ṣubú. Wọ́n jọ ń ṣeré ọmọdé nílẹ̀, kí ọwọ́ tó rọ lè máa nà mú nǹkan. Wọ́n ní kí ó máa fọ ìkòkò, kí ọwọ́ rẹ̀ lè máa yí po. Láti rírá ó bọ́ sí kíkúnlẹ̀, láti kíkúnlẹ̀ ó bọ́ sí dídúró, títí ó fi padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Orí òkè gíga kan ní Colombia, níbi tí ó ti ń gun òkè, ni àìsàn ọkàn ti kọ lù ú lẹ́ni ọdún 72. Nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọgbẹ́ ńlá náà ṣì wà níbẹ̀. Kò jinná rárá. Bàbá ni ó ti kọ́ bí a ti ń yà á sílẹ̀. Ìwé Norman Doidge tó jáde ní 2007, The Brain That Changes Itself, ròyìn gbogbo rẹ̀.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù nínú ìtàn náà ni ti àwọn aládùúgbò. Wọ́n ní kò bójú mu kí olùkọ́ àgbà máa rá nílẹ̀ bí ajá. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àdúgbò tiwa nìkan ni ẹnu wà! Bẹ́ẹ̀ àwa ni a mọ ilẹ̀ lò jù. Ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, obìnrin ń kúnlẹ̀, Mùsùlùmí ń forí kanlẹ̀ lójoojúmọ́. Àgbà tí a ti ń dọ̀bálẹ̀ fún láti kékeré wa, ṣé àbùkù ni bí òun náà bá kúnlẹ̀ kí ó lè gba ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà?

Kí ni a wá ń ṣe nílẹ̀? Àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, tí a ń pè ní físíò, ni yóò yan èyí tó bá ara kálukú mu. Ṣùgbọ́n bí ó ti sábà máa ń lọ nìyí. Aláìsàn a fẹ̀yìn lélẹ̀, a ká eékún méjèèjì sókè, àtẹ́lẹsẹ̀ a tẹ ilẹ̀, a wá gbé ìdí kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a sì sọ ọ́ padà. Ẹ bá a di ẹsẹ̀ tó rọ mú kí ó má baà yọ̀. Agbára ìdí àti itan yìí ni a fi ń dìde lórí àga. Lẹ́yìn náà ni yíyí: ọwọ́ tó le a di èyí tó rọ mú, a nà wọ́n síwájú, a fi wọ́n yí ara sí ọ̀tún àti sí òsì. Ẹni tí kò bá lè yí, ta ni yóò máa gbé e dìde lórí ibùsùn? Bí èyí bá ti rọrùn, a jókòó, a fi àtẹ́lẹwọ́ tó rọ tẹlẹ̀, a fara tì í díẹ̀ kí apá náà lè mọ ìwúwo ara. Ó wá kan ọwọ́ àti eékún: a fì síwájú, a fì sẹ́yìn, kí a tó gbé ọwọ́ kan, kí a tó wá rá. Lẹ́yìn èyí ni ìkúnlẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni eékún kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kejì níwájú, ọwọ́ lórí àga tó dúró ṣinṣin, títí yóò fi dìde.

Ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tí ẹ̀gbà kọ lù a máa ṣubú, a kò lè sẹ́ ẹ. Ẹni tó ti kọ́ bí a ti ń ti ilẹ̀ dìde kò ní sùn sí balùwẹ̀ títí ọmọ yóò fi ti ọjà dé.

Mi ò ní kí ẹ lọ fa bàbá bọ́ sílẹ̀ lálẹ́ òní o. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2015, lórí aláìsàn 2,104 ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, fi hàn pé bíbẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, kí a sì máa gbé aláìsàn dìde léraléra, a máa dín iye àwọn tí ara wọn bọ̀ sípò dáadáa kù ni. Kí dókítà kọ́kọ́ ní ó tó, kí a sì wo bí ẹ̀jẹ̀ ríru ti rí. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, kí a dúró. Ẹni tí eékún ń dùn gan-an, kí ó ṣe tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì líle. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ: ẹ má fa apá tó rọ! Iṣan tó di èjìká mú ti dẹ̀. Bí ẹ bá fi apá náà fà á dìde, èjìká lè yẹ̀, ìrora rẹ̀ a sì dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìbàdí àti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti gbá a mú.

Ẹlòmíràn á ní ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò lókè òkun, kí la fẹ́ fi ẹní ṣe? Amẹ́ríkà gan-an ni wọ́n ti ṣe ìwádìí kan lórí ènìyàn 408, tó jáde ní 2011. Wọ́n fi okùn gbé àwọn kan ró lórí ẹ̀rọ tí a fi ń rìn lójú kan. Àwọn mìíràn, físíò ń bá wọn ṣe eré ìdárayá nínú ilé wọn. Nígbà tí ọdún yí po, àwọn ti ẹ̀rọ kò sàn ju àwọn ti ilé lọ. Nínú gbogbo wọn lápapọ̀, ìdá 52 nínú 100 ni ìrìn wọn ti sunwọ̀n sí i.

Àwa tí àwọn òbí wa fi Òkè Ọya ṣe ibùgbé tún ní àṣà kan. Bí ẹ̀gbà bá kọ lu bàbá ní Kánò tàbí ní Jọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ilé ló kàn, ó di Ògbómọ̀ṣọ́, ó di Ọ̀fà, níbi tí wọn yóò ti máa fi òrí àti àdín ra á lára. Mi ò bá àdín jà. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Bayero ní Kánò ń kọ́ àwọn físíò, ti Maiduguri náà ń kọ́ wọn. Àwọn oṣù àkọ́kọ́ ni ọpọlọ máa ń kẹ́kọ̀ọ́ jù, inú ìrìn-àjò àti ìdúródè ni a sì ń ná wọn sí.

Ìsinmi ń bọ̀. Ẹni tí irú èyí wà nílé rẹ̀, kí ó lọ bá físíò, kí ó kọ ohun tí wọ́n ní kí a ṣe sílẹ̀. Kí ó gbé tábìlì àárín pálọ̀ kúrò, kí ó tẹ́ ẹní méjì léra wọn, kí òun náà bọ́ bàtà, kí ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá tàbí ìyá rẹ̀, kí wọ́n jọ máa kà á. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, ẹ sọ fún un pé bàbá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.