Ajá Ilé Àti Ibà Tí Kò Gbọ́ Oògùn

Ẹ̀yin òbí wa ní Ẹdẹ, ẹ̀sìn wa gbà wá láàyè láti ní ajá ọdẹ àti ajá tí ń ṣọ́ oko. Àwo tí ó bá lá, a mọ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀meje. Irun ara ajá ńkọ́? Kì í ṣe eégbọn ni mo ń wí. Kòkòrò pẹ́ńpẹ́ kan wà níbẹ̀ tí í fò, tí í mu ẹ̀jẹ̀.

Irú rẹ̀ tó wà lára eku ló tan àjàkálẹ̀ àrùn ká Èkó ní 1924. Ti ara ajá àti ológbò a máa gbé kòkòrò àìfojúrí tí àwọn dókítà ń pè ní Rickettsia felis. Ní 2010, àwọn oníwádìí kéde pé àwọn rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gàl kan tí ibà ń ṣe, tí kì í sì í ṣe ibà ẹ̀fọn.

Níhìn-ín, bí ara ọmọ bá ti gbóná, oògùn ibà la ó sáré rà. Bí ó bá lò ó tán tí ara kò rọ̀, ẹ má ra òmíràn mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ajá wà nílé, nítorí oògùn tirẹ̀ yàtọ̀.

Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni pa ajá o! Ẹni tó fún ajá tí òǹgbẹ ń gbẹ lómi, Ọlọ́hun forí jì í. Ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ẹ gbá ibùsùn rẹ̀, kí ó má sì bá ọmọ sùn lórí ẹní.