Ẹ Má Fi Igi Nìkan Wọn Yadier Molina

Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà bá ń dìbò fún ọdún 2028, wọn yóò kan orúkọ Yadier Molina. Gbọ̀ngàn àwọn ìlúmọ̀ọ́ká tó wà ní Cooperstown ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, ẹni tí kò bá sì rí ibò 75 nínú 100 kò ní wọ ibẹ̀. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ pé kò tó ẹni tó yẹ kó wọlé, nítorí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ bí a ṣe ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Lójú tèmi, òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé dání ni kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó di igi mú, kó sì máa hán bọ́ọ̀lù tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń jù. Bọ́ọ̀lù náà le, ó sì lè sáré ju 150 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Èyí tí ọwọ́ kò bá ká, àyà ni yóò fi dí i. Ó lè lóṣòó ju ìgbà 100 lọ nínú ìdíje kan. Nígbà tirẹ̀, òun náà ló ń fi ìka ṣe àmì lábẹ́ itan láti sọ irú bọ́ọ̀lù tó kàn fún ẹni tó ń jù ú. (Aṣọ́lé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ aṣọ́lé a máa rí ìsinmi.) Orúnkún kì í bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tọ́jọ́. Síbẹ̀, ọmọ Puerto Rico yìí, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì, Bengie àti José, ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣe é fún ẹgbẹ́ St. Louis Cardinals láti 2004 títí di 2022. Ìdíje 2,184 ló fi lóṣòó fún wọn, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo rí.

Àwọn tó ń takò ó á ní pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yàtọ̀ sí mímọ iṣẹ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo ọdún 2006: .216 péré ni ìwọ̀n ìgbà tó fi igi gbá bọ́ọ̀lù yege ní gbogbo sáà náà, ẹgbẹ́ kò sì yọ ọ́. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n gba World Series, ife tó ga jù. (Òun ló gbá bọ́ọ̀lù tó lé ẹgbẹ́ Mets lọ sílé, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ìyẹn gbè é.) Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́: nínú àwọn tó fẹ́ sáré yọ́ gba ibùdó tó kàn, ó mú bí 40 nínú 100. Èyí tó wúwo jù ni àwọn tí kò tilẹ̀ dán an wò, torí wọ́n mọ apá rẹ̀. Ta ló sì ń ṣírò ẹni tí kò sá? Ó gba Gold Glove, àmì ẹ̀yẹ àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù mú, mẹ́sàn-án, èyí tó kẹ́yìn ní 2018 nígbà tó pé ẹni ọdún 36.

Àtakò àwọn oníṣirò ló ṣòroó dáhùn jù. Wọ́n ń ro gbogbo iṣẹ́ eléré pọ̀ di iye kan, tirẹ̀ kò sì ga tó ti ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní Cooperstown. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ka bí ọwọ́ ṣe ń gba bọ́ọ̀lù tí adájọ́ fi ń kà á sí rere fún ẹni tó jù ú. Ìṣirò tó kà á gbé Molina ga ju bí àwọn ìṣirò yòókù ṣe gbé e lọ. Ìṣirò wo ló sì mọ ohun tó wà láàárín òun àti ajubọ́ọ̀lù Adam Wainwright, tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ìdíje 328, iye tí ẹni méjì kankan kò tíì dé? Wọ́n gba Mike Piazza, tí òun náà ṣe iṣẹ́ yìí, wọlé ní 2016 nítorí igi rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé mọ̀ pé apá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Kí àwọn olùdìbò wá sọ ìdí tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ta yọ, tí igi rẹ̀ mọ níwọ̀n, kò fi ní rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà.