Ẹ Jẹ́ Kó Pa Àlọ́ Náà Tán

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Kàdúná tó ní kí n kọ́kọ́ yẹ òun wò ná. Àmì ohùn ò ní sá lọ.

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi yìí pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dún yìí. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, ó gbé fóònù rẹ̀ lé orí pèpéle, orin ń dún. Gìtá ń han bí ayùn àwọn onígẹdú, ìlù ń sáré bíi pátákò ẹṣin lọ́jọ́ Sálà ní Zaria, ọkùnrin kan sì ń fi ohùn tó ga réré kọrin. Ọmọ yìí ń gbè é. Ó fi ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ na orógùn sókè bí ẹni fa idà yọ. Ibi tí bàbá rẹ̀ bá a nìyẹn. Bàbá wo ojú fóònù, ó rí ọkùnrin tó gbé òòlù ńlá dání, ó rí iná, ó rí ẹranko abìwo. Ó gba fóònù náà. Ó ní orin ẹ̀mí èṣù ò ní dún nínú ilé òun.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ ò fi bá bàbá rẹ̀ sọ ju "ẹ káàárọ̀, sà" lọ. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ó ní, "Ìwọ lo kàwé èdè. Wá túmọ̀ ohun tí wọ́n ń wí fún mi." Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ orin nìkan mọ́? Ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ ti wọ̀ ọ́.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo bi ọmọ léèrè pé kí ni orin náà ń sọ. Ó wò mí lójú bóyá mo fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. "Àǹtí, ẹ máa rẹ́rìn-ín." Mo ní bó bá pani lẹ́rìn-ín, màá rẹ́rìn-ín. Ó bá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀.

Gloryhammer ni orúkọ ẹgbẹ́ olórin náà. Christopher Bowes, olórin láti Skọ́tlándì, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2010. Àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2013, ìtàn kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Oṣó burúkú kan tó ń jẹ́ Zargothrax kó ogun ja ìlú Dundee. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn. Ẹṣin tó ní ìwo kan ṣoṣo níwájú orí ni wọ́n, àwọn ẹṣin tó ti kú tó tún dìde. Oṣó yìí run ìlú, ó mú ọmọ ọba obìnrin, ó tì í mọ́ inú ẹ̀wọ̀n yìnyín. Angus McFife, ọmọ ọba Fife, búra pé òun á gbẹ̀san. Ó wá òòlù idán, ó wá ìlẹ̀kẹ̀ agbára, ó wá dírágónì, ó ṣẹ́gun, oṣó sì ṣubú sínú adágún yìnyín, ó gan síbẹ̀.

"Ó parí nìyẹn?" Mo bi í.

"Rárá o, Àǹtí. Ìyẹn ni apá kìíní." Nínú àwo kejì, tó jáde lọ́dún 2015, ẹgbẹ̀rún ọdún ti kọjá, a ti bọ́ sí ọdún 1992. Àwọn oṣó mìíràn tú ọ̀gá wọn sílẹ̀ nínú yìnyín, ogun wá di ogun ojú òfuurufú láàárín àwọn ìràwọ̀, àrọ́mọdọ́mọ akọni wa, Angus McFife Kẹtàlá, sì wọ aṣọ ogun. Àwo kẹta jáde lọ́dún 2019, ìkẹrin lọ́dún 2023. Nígbà tó dé ibi tí àwọn oṣó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀rín pa mí. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé mo sọ fún yín?"

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀rín ọmọ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi sọ́kàn.

Power metal ni wọ́n ń pe irú orin yìí, ẹ̀ka kan ni nínú heavy metal. Ìlù rẹ̀ máa ń yára gan-an, nítorí ẹsẹ̀ méjèèjì ni onílù fi ń lu ìlù ńlá. Ohùn olórin máa ń ga, ègbè rẹ̀ sì máa ń rọrùn débi pé ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lè gbè é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹgbẹ́ Helloween láti Hamburg ní Jámánì wà lára àwọn tó la ọ̀nà náà, pẹ̀lú àwo méjì tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní Keeper of the Seven Keys, lọ́dún 1987 àti 1988. Blind Guardian, láti Krefeld ní Jámánì kan náà, mú ìwé The Silmarillion tí Tolkien kọ, wọ́n sọ ìtàn inú rẹ̀ di odidi àwo kan lọ́dún 1998. Ní Trieste, ní Ítálì, Luca Turilli àti Alex Staropoli dá ẹgbẹ́ Rhapsody sílẹ̀ lọ́dún 1993, èyí tó wá ń jẹ́ Rhapsody of Fire. Àwo márùn-ún ni wọ́n fi sọ ìtàn akọni kan tó ń wá idà kan, láti 1997 títí di 2002. Ọdún márùn-ún gbáko, idà kan!

Bí ìtàn idà yẹn ti parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn lọ́dún 2004. Ta ni wọ́n pè wá ṣe asọ̀tàn? Christopher Lee, àgbà òṣèré ará Ìlú Ọba tó ṣe Dracula, tó sì ṣe Saruman nínú fíìmù The Lord of the Rings. Bàbá náà ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Orin yìí dùn mọ́ ọn débi pé ó ṣe àwo tirẹ̀ nípa Ọba Charlemagne lọ́dún 2010, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 87. Nítorí náà, kí a má sọ pé orin àwọn ọmọ tí ò tíì gbọ́n ni.

Báwo làwọn olólùfẹ́ orin yìí ṣe ń ṣe? Abúlé kan wà ní àríwá Jámánì tó ń jẹ́ Wacken. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò pọ̀ ju bí ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Láti ọdún 1990 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún orin heavy metal lórí oko àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀. Lónìí, àwọn tó ń rọ́ wá síbẹ̀ lọ́dọọdún lé ní 70,000. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ ni wọ́n ń jó nínú rẹ̀. Blind Guardian ní orin kan tí kò ní ariwo rárá, gìtá jẹ́jẹ́ ló gbé e, nípa àwọn akọrin tó ń sọ ìtàn nínú igbó. Tí wọ́n bá dé orí rẹ̀ lóde eré, Hansi Kürsch tó jẹ́ olórin wọn máa ń dákẹ́, èrò ló ń kọ ọ́. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, lọ́jọ́ ìkórè.

Ti Gloryhammer tún yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣe Angus máa ń wọ aṣọ ogun aláwọ̀ ewé, á gbé òòlù ńlá lé èjìká. Àwọn èrò náà á mú idà rọ́bà àti ẹṣin oníwo tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí wá, wọ́n á máa jù ú sókè láti orí dé orí. Kò sì sí ẹni tí wọ́n tàn jẹ níbẹ̀. Fife wà lóòótọ́, agbègbè kan ni ní ìlà-oòrùn Skọ́tlándì. Ibẹ̀ ni St Andrews wà, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ gọ́ọ̀fù. Dundee tí oṣó run ò tilẹ̀ sí nínú Fife, òdìkejì odò Tay ló wà. Crail tó ní àwọn akọni ajagun nínú orin, ìlú kékeré àwọn apẹja ni. Ẹṣin oníwo kan náà sì ni ẹranko àmì orílẹ̀-èdè Skọ́tlándì láti ayébáyé. Òun ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá nígbà àtijọ́ pè ní àgbáǹréré. Ẹni tó mọ gbogbo èyí ló ń rẹ́rìn-ín jù, òun náà ló ń gbè é jù. Lọ́dún 2021, ẹgbẹ́ náà àti Thomas Winkler, tó ń ṣe Angus, pínyà. Sozos Michael, ọmọ Sípírọ́sì, ló bọ́ sípò rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ wọn, àmọ́ Angus ò kú. Akọni ju ẹni tó wọ aṣọ rẹ̀ lọ.

Ohun tó yé mi níbẹ̀ nìyí: wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n sì ń fi gbogbo ọkàn gbè é. Méjèèjì ń lọ pọ̀, ọ̀kan ò pa èkejì lára. Ta ló wá yẹ kí èyí yé ju àwa lọ? Nígbà tí ìyá wa àgbà bá ń pàlọ́ àpagbè, ta ló gbà láàárín wa pé ìjàpá ń sọ̀rọ̀? A mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, bí ègbè bá dé, ẹni tí kò bá gbè é, ẹ̀gbẹ́ la ó ti fi ìgúnpá gún un. Ẹ rántí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ lọ́dún 1938. Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún wà níbẹ̀, Kàkó wà níbẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀, akọrin pàápàá wà lára àwọn akọni, Olóhùn-iyọ̀. Inú ilé tí ẹ̀gbọ́n mi ti fòfin de dírágónì, ìwé yẹn wà lórí pẹpẹ ìwé rẹ̀. Mo fi hàn án.

Ẹ má bínú, iṣẹ́ mi ní kí n fi èyí kún un. Orúkọ oṣó yẹn, kí ọ̀tá lè le létí àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀. Kò sí ìró z ní Yorùbá, a kì í to kọ́ńsónáǹtì lé ara wọn, ọ̀rọ̀ wa kì í sì í fi irú ìró ìparí bẹ́ẹ̀ parí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá ń pè é ní Ságọ́tíráàsì. Ó jọ orúkọ oògùn ibà. Ọ̀tá gbogbo ayé ti di ará ilé wa láìmọ̀.

Ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹ̀rù asán pátápátá ṣá o, mi ò sì ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ọ̀dọ́ kan lára àwọn olórin black metal ní Nọ́wè dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan lára wọn sì ṣẹ̀wọ̀n. Ẹ̀ka mìíràn nìyẹn nínú ilé ńlá kan náà. Nínú power metal, rere ló sábà máa ń ṣẹ́gun, ìbúra, ọ̀rẹ́ àti ìgboyà sì ni kókó ìtàn. Àmọ́ ẹ má fi orúkọ ẹ̀ka nìkan gba ohunkóhun wọlé. Christopher Bowes yìí kan náà ló ń kọrin fún ẹgbẹ́ mìíràn, Alestorm, orin àwọn olè ojú òkun. Ọtí àti ọ̀rọ̀ rírùn pọ̀ nínú orin wọn, mi ò ní fi lé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́wọ́. Mo sọ èyí fún ọmọ náà lójú bàbá rẹ̀. Ó ní òun mọ̀, òun kì í gbọ́ ọ. Mo gbà á gbọ́, mo sì tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ máa ṣe. Kí ẹ tó gba fóònù, ẹ ní kí ọmọ sọ ìtàn inú orin náà fún yín. Ẹ ka ọ̀rọ̀ orin náà pọ̀, ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá burú, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ rí i. Bí kò bá burú, ẹ ó ti gbọ́ àlọ́ kan lẹ́nu ọmọ yín, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ tó ti bá yín sọ̀rọ̀ pẹ́ jù lọ́dún yẹn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi dá fóònù padà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọmọ má fi dí òun létí lọ́jọ́ Sunday, kó sì máa fọ abọ́ tán kó tó gbé idà sókè. Ọmọ ní, "Ẹ ṣé, Dádì." Lẹ́yìn oúnjẹ, iná ti lọ, a jókòó síta. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ títí, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Oṣó tó ṣubú sínú yìnyín yẹn, ṣé ó wá kú ni?"

"Kò kú, Dádì. Ṣé kí n sọ apá kejì fún yín?"

Mo dìde, mo lọ sùn. Àlọ́ ẹni méjì nìyẹn.

Ó di oṣù tó ń bọ̀. Àmì ohùn ń dúró dè wá.