Ọkọ̀ Tí Kì Í Tètè Jí Láàárọ̀

Eruku ti gba ojú ọ̀run Ìbàdàn, ètè ń ya, gìgísẹ̀ ń là. Lásìkò báyìí lọ́dọọdún, ẹjọ́ kan wà tó máa ń dé iwájú ọpọ́n mi ní Ìdí Arère yìí tó lè ya ẹlòmíì lẹ́nu: ẹjọ́ ọkọ̀. "Bàbá, ọkọ̀ mi ò tètè sítáàtì láàárọ̀. Tó bá ti gbóná báyìí, kò sí wàhálà mọ́. Ẹ bá mi wò ó."

Mo ń wò ó o, iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé lẹ́yìn tí mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mo kọ́ṣẹ́ rewáyà fún bí ọdún méjì kí bàbá mi tó ní kí n padà wálé wá tẹjú mọ́ Ifá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi etí méjì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ọ̀kan ń gbọ́ ohun tí Ifá sọ, èkejì ń gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì sọ. Àwọn méjèèjì kì í bára wọn jà, àwa èèyàn là ń jà.

Láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tó máa ń pariwo pé ọkọ̀ lọ́ra láàárọ̀. Kí Cadillac tó fi kíkì oníná tí Charles Kettering ṣe sínú ọkọ̀ wọn ti 1912 ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì, irin náà a sì máa ta padà ṣẹ́ni lápá. Àwa náà ṣì bá àwọn bọ̀lẹ̀kájà tí ọmọ ọkọ̀ ń fi irin yí níwájú. Nígbà tó yá, Peugeot 504 dé, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Ẹni tó bá wa 504 oníkábúrétọ̀ á rántí ọwọ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní ṣóòkù. Ẹ ó fà á láàárọ̀, ẹ ó tì í padà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Kí ni ṣóòkù yẹn ń ṣe? Nígbà tí irin bá tutù, epo kì í tètè fẹ́ bí afẹ́fẹ́, ara irin ló máa ń lẹ̀ mọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń jóná. Ẹ́ńjìnnì tútù wá ń bèèrè epo ju ẹ́ńjìnnì gbígbóná lọ. Ṣóòkù ń dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀. Ọkọ̀ ìsinsìnyí ò ní ṣóòkù mọ́, bíréènì bọ́ọ̀sì ló ń wọn epo fún un, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ́ńjìnnì tútù ń fẹ́ kò yí padà.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọkùnrin kan fún yín. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Micra ló ń wà láti Bẹẹrẹ sí Mọ́lété, ó ń gba ọ̀dọ̀ wa níbí kọjá lójoojúmọ́. Àwọn Micra yìí, ẹ má fojú kéré wọn o. Ní 1993, irú rẹ̀ ló gba oyè ọkọ̀ tó dára jù lọ lọ́dún náà ní Yúróòpù, òun sì ni ọkọ̀ Japan àkọ́kọ́ tó gba á. Ọkùnrin yìí ní láti aago márùn-ún ìdajì lòun ti ń yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á máa yí, á máa yí, kò ní gbá. Èrò àárọ̀ á ti bá ọkọ̀ ẹlòmíì lọ. Tó bá di aago mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa yí i, ọkọ̀ á dáhùn.

Kò wá bèèrè ohun tó fà á. Ó ti mọ̀ ọ́n, lójú tiẹ̀. Ó ní ìyàwó kékeré bàbá òun ni. Obìnrin náà ń ta ata, ọ̀sẹ̀ tó gbé igbá ata rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ ń sùn ni àìsàn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí kò ti kí obìnrin náà. Ó ti ní kí ìyàwó òun má gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kí àwọn ọmọ má sì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tó wá gbà lọ́dọ̀ mi ni ohun tí yóò dá a padà sí obìnrin yẹn.

Mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀. Mo ní kó di ìbò mú, kí a bi Ifá bóyá ọwọ́ èèyàn ló wà níbẹ̀. Ifá ní kò sí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀. Ó ní kí n tún bi í. Mo ní n ò ní tún un bi. Ẹni tó bá ń bi Ifá léèrè lẹ́ẹ̀mẹta kó lè gbọ́ ohun tó wù ú, kì í ṣe Ifá ló ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ifá ní kó bọ Ògún rẹ̀, pé ó pẹ́ tó ti bọ ọ́. Ìyẹn ò ta kété sí ọ̀rọ̀ náà, awakọ̀ ni. Ó gbà á, àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ ò kúrò lára obìnrin yẹn. Ni mo bá ní kó wá gbé mi ní ìdajì ọ̀la, kó má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ kí n tó dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ fetí sílẹ̀ níbí. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò kì í ṣe ohun tí wọ́n máa pààrọ̀. Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀ náà. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tó dún "tọ́" lẹ́ẹ̀kan tó dákẹ́, tàbí tó ń dún "kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀" tí iná dáṣíbọọ̀dù ń kú lọ, tàbí tó ń yí "gbùúù… gbùúù" bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí ẹní, iná ni kò tó. Tó bá ń yí kíákíá, "yìnyìnyìnyìn", bí ìgbà tó ń ṣe é lọ́sàn-án, tí kò kàn fẹ́ gbá, bátìrì ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Owó tó ń ṣòfò jù lọ láàárín àwọn èèyàn wa, ibí ló ti ń ṣòfò: wọ́n á ra bátìrì tuntun fún ọkọ̀ tó ń yí dáadáa.

Tó bá jẹ́ tiná, ẹ kọ́kọ́ wo orí bátìrì. Tí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá bò ó, ẹ tú ẹsẹ̀ tó ní àmì ìyọkúrò kọ́kọ́, lẹ́yìn náà èkejì, ẹ fi omi gbígbóná àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ dè é le. Ẹ wo wáyà tó lọ sára irin ọkọ̀ náà, ìpẹtà pọ̀ níbẹ̀. Rewáyà tó bá ní mítà máa rí i pé bátìrì tó yó tó sùn mọ́jú máa ń jẹ́ nǹkan bíi 12.6, tó bá jẹ́ 12.2, ó ti dé ààbọ̀. Tó bá wá sísàlẹ̀ 12, ebi ń pa á. Nígbà tí kíkì bá ń yí, kò yẹ kó já sísàlẹ̀ bíi 9.6. Ẹ má sọ pé òtútù ọyẹ́ ló pa bátìrì yín. Ọyẹ́ wa ò tutù tó bẹ́ẹ̀. Oòrùn Ẹ̀rẹ̀nà ló pa á, ọyẹ́ ló kàn tú àṣírí ẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Chicago àti Toronto ló mọ òtútù. Níbi tó bá ti tó ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo, agbára bátìrì ń lọ sí nǹkan bí ìdajì, ọ́ìlì á tún ki bí ọbẹ̀ ọ̀gbọ̀nọ̀. Àwa tí a ń da 20W-50 sínú ẹ́ńjìnnì tí ìwé rẹ̀ ní kí a lo 5W-30, a mọ̀ọ́mọ̀ ń ra òtútù fúnra wa ni.

Tó bá ń yí dáadáa tí kò gbá, ẹ wá nǹkan mẹ́rin: epo, iná púlọ́ọ̀gì, afẹ́fẹ́, àti irọ́. Irọ́ ni mo máa fi ṣíwájú, torí àwọn mẹ́káníìkì àgbà kì í rántí ẹ̀. Sẹ́nsọ̀ kékeré kan wà tó ń sọ fún bíréènì bọ́ọ̀sì bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Tí sẹ́nsọ̀ yìí bá ń purọ́ pé ẹ́ńjìnnì gbóná nígbà tó tutù, bíréènì bọ́ọ̀sì á fún un lépo díẹ̀, ọkọ̀ ò ní gbá. Lọ́sàn-án, irọ́ náà di òtítọ́, ọkọ̀ á gbá. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, mítà yóò ka nǹkan bí 2,000 sí 3,000 ohm lórí sẹ́nsọ̀ náà tí ìwọ̀n ooru bá jẹ́ 20, yóò sì wá sí 200 sí 400 tó bá di 80. Tó bá ń ka 300 láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ ti mú òpùrọ́ yẹn.

Ti afẹ́fẹ́ rọrùn. Tí ọkọ̀ bá gbá kìkì nígbà tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ tórótù díẹ̀, ẹnu tórótù ti dọ̀tí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Eruku ọyẹ́ máa ń dí fílítà afẹ́fẹ́ náà. Ti púlọ́ọ̀gì, ẹ tú u, ẹ wo ojú ẹ̀: dúdú gbígbẹ, tútù pẹ̀lú epo, tàbí ojú tó ti jẹ tán. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ oníwáyà púlọ́ọ̀gì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú òkùnkùn ìdajì kí ẹlòmíì yí i. Tí ẹ bá rí iná kéékèèké tó ń fò lára wáyà, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Ó ku epo, ibẹ̀ sì ni Micra ọkùnrin wa wà. Nígbà tí mo dé, mo ní kó yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi iná dáṣíbọọ̀dù, kó má kíkì. A gbọ́ "zzz" lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ó dákẹ́. Mo ní kó pa á, kó tún yí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà mo ní kó kíkì. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ọkọ̀ gbá! Ọkùnrin náà wò mí bíi pé mo pe ọfọ̀. N ò pe nǹkan kan. Fáàfù kékeré kan wà nínú pọ́ǹpù epo tó yẹ kó di epo mú sínú páìpù mọ́jú. Tiẹ̀ ti jẹ, epo ń padà sínú tánkì lóru, páìpù á ṣófo. Kíkì á wá máa yí títí páìpù á fi kún. Tó bá jẹ́ nọ́sù ló ń jò, òórùn epo àti èéfín dúdú á bá a jáde, a ò sì rí méjèèjì. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kó má ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn, kó kíkì bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó yí títí. Ó wá yé e. (Ẹ̀yin oní-Toyota, púpọ̀ nínú tiyín kì í fa epo àfi tí ẹ bá kíkì, nítorí náà èyí ò ní ràn yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí mẹ́káníìkì fi géèjì wọn agbára epo lálẹ́, kó tún wọ̀n ọ́n ní ìdajì.)

Ó ti ra bátìrì tuntun, púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rin, wọ́n tún ti bá a fọ tánkì. Pọ́ǹpù tòkunbọ̀ láti Àràrọ̀mí ní Gate ló parí ọ̀rọ̀.

Mo ní kó lọ bá ìyá náà. Ó ní ojú ń ti òun. Mo ní kó gbé ojú tó ń tì í yẹn lọ bẹ́ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ata láàárọ̀ kùtùkùtù, lójú gbogbo agbo ilé. Obìnrin náà dá a mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó ń bu ata fún oníbàárà lọ. Ìgbà tó yá ló ní, "Ọkọ mi, ṣé ata mi ti kúrò lẹ́nu ẹ́ńjìnnì yín báyìí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kó dìde, ó sì ní kó rán àwọn ọmọ wá jẹ ẹ̀kọ. Mo wà níbẹ̀. N ò rí àbùkù kankan nínú ẹ̀rín yẹn, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó fi etí ìró nu ojú.

Ó bọ Ògún rẹ̀ ní ọjọ́ tó yẹ, obì, ẹmu, èsun iṣu. Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá ń bọ Ògún nídìí ọkọ̀, ẹ máa lo ẹsẹ̀ táyà tàbí ojúbọ. Mo ti rí ẹni tó da epo àti ẹmu lé orí bátìrì, tó tún wá ń bi mí léèrè ohun tó dé tí ọkọ̀ ò sítáàtì.

Nǹkan díẹ̀ tó kù. Ẹ má kíkì ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí kíkì sinmi. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni da epo bẹntiróòlù sí ẹnu tórótù kó lè tètè gbá. Iná rẹ̀ máa ń padà sójú ẹni. Ẹ má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa gbóná nínú gáréèjì tí wọ́n tì, èéfín yẹn ń pani láìrùn. Ọkọ̀ onígíà ọwọ́ lẹ lè tì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó, ti aládàáṣe ò ní gbọ́.

Tí ẹ bá sì ń gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì, ẹ rántí pé kó tó débẹ̀, ó ti gbóná. Á yí i lẹ́ẹ̀kan, á ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ẹ gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ èrò padà wálé, kí òun náà bá a nínú òtútù ní aago mẹ́fà àárọ̀.