Ríra Fáàfù Ṣáwà Nìkan Kò Tó

Omi kò lọ́tàá ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n omi àbùwẹ̀, àbùmu yìí kan náà, bí iná bá ti bá a ṣọ̀rẹ́ nínú hítà, a máa bó ọmọdé àti arúgbó lára kí wọ́n tó ráyè pariwo. Nítorí èyí ni òfin iṣẹ́ omi ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìbáà ṣe IPC tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò, ìbáà ṣe UPC tí California gbà, fi pàṣẹ pé fáàfù ṣáwà tuntun gbọ́dọ̀ bá ìlànà ASSE 1016 mu, kí omi tí ń jáde níbẹ̀ má sì gbóná ju ìwọ̀n 120 Fahrenheit, èyí tí í ṣe 49 Celsius, lọ.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń tún balùwẹ̀ àtijọ́ ṣe, àwọn ará wa ní Houston àti Chicago kò gbẹ́yìn, a máa kùn pé ọgbọ́n àtigbowó ni. Èmi kò bá wọn kùn. Ẹni tó ti dúró rí lábẹ́ ṣáwà ọlọ́wọ́ méjì, tí ará ilé fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lójijì, tí agbára omi tútù sì rẹlẹ̀, kò nílò àlàyé wolé-wolé. Omi tó gbóná tó 140 lè bó àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5.

Ibi tí mo ti bá onílé àti pọ́lọ́ńbà wí nìyí: wolé-wolé a wo fáàfù kí táìsì tó bo ògiri, a fọwọ́ sí ìwé, inú oníkálukú a sì dùn, bẹ́ẹ̀ ìdènà kékeré kan wà lẹ́yìn ọwọ́ fáàfù náà, tí í pààlà ibi tí a lè yí i dé níhà gbígbóná, tí òfin sì fẹ́ kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tí í tò ó. Àwọn kan a ní àwọn ti dín iná hítà kù. UPC kò gba àwáwí yẹn, omi tí kò gbóná tó nínú hítà sì ni kòkòrò àrùn tí a ń pè ní Legionella fẹ́ràn.

Irú fáàfù tí ń dọ́gba agbára omi nìkan, tí kì í wọn ìgbóná rẹ̀, tún ní ìwà tirẹ̀. Bí a bá tò ó nígbà òtútù, tó wá di ìgbà ooru tí omi tútù kò tutù mọ́, ibi kan náà ni ọwọ́ rẹ̀ yóò dé, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ yóò ti gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nítorí náà, ní oṣù Keje, kí onílé tún gbé ohun tí a fi ń wọn ìgbóná sábẹ́ ṣáwà, kó yí i dé òpin, bó bá sì ti kọjá 120, kó dá ìdènà náà sẹ́yìn.