Ọjọ́ Orí Bàálù Kọ́ Ló Yẹ Ká Máa Béèrè

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ Micra láti Ìwó Road lọ sí Lálúpọn. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti jẹ tán, ó ń dán gbinrin. Mo ní, "Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, táyà yìí ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Pátíkúlà ẹ̀ pé." Lóòótọ́, ìwé tó ní ọkọ̀ náà yẹ lójú títì wà níbẹ̀, déètì rẹ̀ ò sì tíì kọjá.

Bá a ṣe ń lọ, bàálù kan kọjá lórí wa, ó ń lọ balẹ̀ ní Alákìá. Mo bi ara mi pé: tí mo bá bi àwọn tó ni bàálù yẹn, ṣé èsì míì ni wọ́n máa fún mi?

Ní Nàìjíríà, tí bàálù bá ti já, ìbéèrè kan náà la máa ń béèrè: "Ọmọ ọdún mélòó ni?" Lọ́jọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ọdún 2002, bàálù BAC 1-11 ti iléeṣẹ́ EAS já sí àdúgbò Gwammaja ní Kánò. Ọ̀pọ̀ èèyàn kú, títí kan mínísítà eré ìdárayá, Ishaya Mark Aku. Ìjọba fòfin de BAC 1-11, wọ́n sì fi ọdún 22 ṣe òdiwọ̀n ọjọ́ orí bàálù.

Ó dáa. Àmọ́ ẹ wo ti Dana tó já sí Ìjù-Ìṣàgà l'Ékòó lọ́jọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 2012, tí gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú ẹ̀ kú. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣe bàálù yẹn. Kò tíì ju ọdún 22 lọ. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì ló dákẹ́.

Ọdún nìkan kọ́ ló ń sọ bàálù di arúgbó, iṣẹ́ ni. Gbogbo ìgbà tó bá gbéra ni wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú, tó bá balẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á jáde. Ẹni tó bá ti tẹ wáyà síwá sẹ́yìn títí tó fi já mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́dún 1988, òrùlé Boeing 737 ti iléeṣẹ́ Aloha ya kúrò lójú sánmà ní Hawaii, òṣìṣẹ́ inú bàálù kan sì bá a lọ. Ọmọ ọdún 19 péré ni bàálù náà, ṣùgbọ́n ó ti fò tó nǹkan bí ìgbà 90,000. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀dọ́ là bá pè é.

Kódà gláídà, ìyẹn bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì, kò yọ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2010, apá gláídà L-13 Blanik kan ṣẹ́ lójú sánmà ní Austria, èèyàn méjì kú. Àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Yúróòpù ní kí irú ẹ̀ má fò mọ́. Wákàtí tí gláídà lè lò ní òǹkà, àmọ́ èyí tó ń tàkìtì lókè á tètè gbó ju èyí tó ń rọra fò lọ. Tí ẹ ò bá rí ìwé tí wọ́n kọ ìrìn ẹ̀ sí, ẹ ò lè mọ èwo ló wà níwájú yín.

Òfin ni mo kà ní yunifásítì. Abala 31 nínú Àdéhùn Chicago ti ọdún 1944 sọ pé orílẹ̀-èdè tí bàálù ti forúkọ sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí i pé ó ní ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ fún fífò. Ẹ̀rí ni wọ́n pè é o. Ẹlẹ́rìí tí kò fojú ara ẹ̀ rí ohun tó ń sọ, kò sí adájọ́ tó máa gba tiẹ̀.

Àwọn kan á ní ìwé ṣeé yí, ọdún ò ṣeé yí. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní ká fagi lé òdiwọ̀n ọdún. Ọgbà ló jẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbà kì í ṣe dókítà. Ohun tí mò ń bá àjọ NCAA sọ ò le: kí wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bàálù kọ̀ọ̀kan tó ní nọ́ńbà 5N, iye wákàtí tó ti fò, iye ìgbà tó ti gbéra, àti ọjọ́ tí wọ́n tú u palẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Ẹni tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì á yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, bá a ṣe ń yẹ owó wò nínú àkáǹtì. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ ní Lálúpọn, mo tún wo táyà yẹn. Wáyà ti ń yọ lára ẹ̀. Pátíkúlà ṣì pé.