EPO NÌKAN KÒ LÈ GBA IRIN LÀ

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ irin ní ẹ̀ka tiwa, Ògún ni ọkàn wa máa ń lọ bá. Kò burú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá lè sọ̀rọ̀ nípa irin fúnra rẹ̀, àti ohun tí ojú rẹ̀ ń rí bí a bá ń lù ú lálùtúnlù. Èmi kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan nìyẹn. Èdè wa ní jẹ, ó ní họ, ó ní sán. Kí ló tún kù?

Gbogbo wa la mọ̀ pé epo ń dín jíjẹ irin kù. Ó ń tẹ́ sáàárín irin méjì bí ẹní. Ẹní ọ̀hún fẹ́lẹ́ púpọ̀: nínú bẹ́árìn ọkọ̀, kì í sábà tó ìdá kan nínú 50 ìnípọn irun orí. Síbẹ̀, bí irin kan bá já lu èkejì lójijì, epo tó há sáàárín kì í ráyè sá. Òun ni yóò gbà díẹ̀ nínú ìyà náà. (Epo tí iyanrìn bá wọ̀ ńkọ́? Ìyẹn ti di ohun tí a fi ń pọ́n irin.)

Ṣùgbọ́n ojú irin ni epo ń tọ́jú. Bí a bá ń lu ojú kan náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, yóò rẹ irin náà, yóò sì sán. Ní 1935, Stewart Way fi hàn ní Amẹ́ríkà pé àwọn irin roboto tó ń yí lórí ara wọn nínú epo ni ihò wẹ́wẹ́ ń yọ lójú wọn. Irú ihò bẹ́ẹ̀ kò yọ lára èyí tí kò ní epo. Àlàyé rẹ̀ ni pé epo ń wọ ibi tó sán, ẹrù á pa ẹnu ibẹ̀ dé, epo tó há síbẹ̀ á sì máa là á síwájú, bí ìgbà tí a gbá irin sínú ìtì igi. Omi òjò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí irin rélùwéè.

Irú sísán tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ń fà ló fọ́ irin ojú ọ̀nà sí ọ̀nà tó ju 300 lọ ní Hatfield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 17, oṣù kẹwàá, 2000. Ènìyàn 4 kú.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn sí àwọn awakọ̀ wa tó ń fi gíríìsì kún ibikíbi tó bá ti ń dún. Ariwo lè dákẹ́ lóòótọ́; èyí tó ń sán nínú kò dúró. Kí mẹkáníìkì tú bẹ́árìn náà, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì wá ihò lójú rẹ̀ kí ọkọ̀ tó tún gba èrò.